Ìyá Olóòyà àti Fáànù Kẹrin

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni iléeṣẹ́ oníke jẹ ìyàwó àbúrò mi, owó náà sì ti di ọjọ́ mọ́kàndínlógún nílẹ̀ kí n tó dá sí i. Rédíétọ̀ mẹ́rin ló tún ṣe fún wọn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ àti kànìnkànìn tó lò jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àtààbọ̀. Owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi ṣiṣẹ́ náà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ lọ béèrè owó, kó kọ́kọ́ mọ iye tó ti kúrò lápò òun.

Kì í ṣe rédíétọ̀ mọ́tò ni mò ń sọ o. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ike di bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́, agbára ọ́ìlì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì ló ń ti irin síwájú, òun náà ló ń dá a padà, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá sì ń ti ẹrù látàárọ̀ dalẹ́, ara rẹ̀ á gbóná. Bí ọ́ìlì bá gbóná jù, kò ní ki mọ́, á máa ṣàn bí omi, agbára rẹ̀ á dín kù, àwọn rọ́bà tó dí ojú ihò á le, wọ́n á sán, ẹ̀rọ á wá máa rìn bí arúgbó tó ń gun òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì gba inú rédíétọ̀ kọjá. Kò lo omi rárá. Ọ̀pá tín-ín-rín tín-ín-rín ni ọ́ìlì ń gbà nínú rẹ̀, ewé páànù tó fẹ́lẹ́ bíi bébà sì tò sáàárín àwọn ọ̀pá náà, wọ́n sún mọ́ra ju eyín òòyà lọ. Fáànù kan wà lẹ́yìn tó ń fa atẹ́gùn láti iwájú gba àárín àwọn ewé wọ̀nyí kọjá. Atẹ́gùn á gbé ooru lọ, ọ́ìlì á tutù, iṣẹ́ á máa lọ.

Àwọn ewé páànù yìí ni ìyàwó wa ń tọ́jú, òòyà ló sì fi ń ya wọ́n. Ohun tó sọ ọ́ di Ìyá Olóòyà nìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan wà tí wọn kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Irun ló kọ́kọ́ ń dì. Ṣọ́ọ̀bù tèmi àti tirẹ̀ fara kanra. Tèmi ni ibi tí mo ti ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ àlòkù. Tirẹ̀ ní dígí kan, àga mẹ́ta, àti dráyà ńlá tó máa ń bo orí obìnrin bí akoto. Àbúrò mi, ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó fojú kan ilé, nítorí náà èmi ni mo súnmọ́ ìyàwó jù tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Lọ́dún kan mo ra rédíétọ̀ ọ́ìlì méje lọ́wọ́ ilé ìlagi kan tó kógbá sílé. Mo rò pé mo ti rí ọjà gbà. Ìgbà tí mo já wọn sílẹ̀ tán ni mo tó rí i pé wọ́n ti fi omi alágbára tí ẹ̀rọ ń tú jáde fọ̀ wọ́n nígbà kan, gbogbo ewé ti dùbúlẹ̀ bíi koríko tí màlúù sùn lé. Atẹ́gùn kò lè rí ibi gbà. Mo pe àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni mo ra ọ̀kan. Mo jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí oníbàárà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyàwó wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Bùọ̀dá, ta ló ba irun ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí?"

"Irun wo? Irin ni, ìyàwó."

"Ẹ jẹ́ n rí i ná."

Ó fa òòyà onírù tó ki bọ irun ara rẹ̀ yọ, ó fa àpótí kan mọ́dìí, ó mú un láti igun kan. Kò yára. Ó máa ń tì í wọlé díẹ̀, á gbé e, á fà á wálẹ̀, bí ẹni tó ń tú irun ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún. Nígbà tí òjò dá, ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ti nà ṣánṣán, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ títì gba àárín àwọn ewé náà kọjá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ya méjèèje, òòyà mọ́kànlá ló kán. Mo tà wọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka ẹgbẹ̀rún méjì-méjì fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ó ka owó náà, ó wò mí.

"Bùọ̀dá, ṣé owó iṣẹ́ nìyí ni, àbí owó òòyà tó kán?"

Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì na ọwọ́ sílẹ̀. Mo tún fi méjì kún un. Ìgbà yẹn ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Oníṣirò." Ohun tó ń pè mí nìyẹn títí di òní, tí kò bá pè mí ní Bùọ̀dá. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má fún un ní òmíràn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ ṣe òòyà onírin mẹ́ta fún òun: eléyín gbòòrò, eléyín àárín, àti èyí tí eyín rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí èmi kò lè rí i láìlo awò. Ó ní gbogbo orí kọ́ ló gba òòyà kan náà. Ó kọ omi alágbára pátápátá. Omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló ń lò, ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde ló sì máa ń ti da omi sí i, kí ìdọ̀tí lè padà gba ọ̀nà tó gbà wọlé. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e sábẹ́ dráyà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí rédíétọ̀ lórí àga, tí dráyà bò ó lórí, tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú dígí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ó ní kí n má yọ oníbàárà òun lẹ́nu.

Lọ́dún kẹta, kò dirun mọ́ àfi ti àwọn ọmọ ẹbí. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un: oníke, oníṣòó tó ń ṣe ìṣó, àti àwọn tó ń tẹ páálí. Owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, inú òòyà yẹn ló ti ń jáde. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ń bá a ṣírò rẹ̀.

Èyí ni mo fi ní kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oníke kì í ṣe ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin nìkan.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nínú gbọ̀ngàn wọn. Ẹ̀kẹrin ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbóná tó dígírì méjìdínlọ́gọ́rin, tí kò yẹ kó kọjá ọgọ́ta. Ẹnjiníà wọn, ọkùnrin kékeré kan tó máa ń ki báírò mẹ́ta bọ àpò àyà, ní ìdọ̀tí ni. Ó ní kí wọ́n kúkú tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún Ìyá Olóòyà. Ìyàwó wa ya wọ́n, ó dá wọn padà, wọ́n dè wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Mẹ́ta tutù sí i. Ẹ̀kẹrin kò mì rárá, méjìdínlọ́gọ́rin náà ni. Ni Ẹnjiníà bá ní Ìyá Olóòyà ti fi òòyà lu inú rédíétọ̀ náà pa. Kò san kọ́bọ̀ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún ránṣẹ́ pé tí ọ̀gá òun bá pinnu láti ra tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni, obìnrin náà ló sì máa san án.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ti sọ ọ́ síta. Oníṣòó yẹ kó gbé rédíétọ̀ méjì wá lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n pè é pé kó ṣì fi wọ́n sílẹ̀ ná, àwọn gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó wa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Kò jókòó.

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ oníke."

"Mo ti ṣírò rẹ̀," mo fi páálí hàn án. "Wò ó, ìyàwó. Tí a bá ní kí wọ́n san ìlàjì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, tí wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ tuntun, èrè díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lé tó rí ọ̀nà sá, kì í dúró ka bàtà."

"Tí mo bá gba ìlàjì, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

"Ìwọ ni o kò mọ̀ pé owó ilé ẹjọ́ wọ́n, tó bá débẹ̀."

Ó wá sọ ohun kan tí kò sọ látọjọ́ yìí wá.

"Ìdọ̀tí ti ẹ̀kẹrin, ẹ̀yìn ló wà."

"Ẹ̀yìn báwo?"

"Àwọn mẹ́ta, iwájú ni eruku ti dì mọ́ wọn, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ti ẹ̀kẹrin, eruku iwájú ti gbó, àmọ́ eruku tuntun wà lápá fáànù, ó rọ̀ bí òwú. Mo rí i. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ṣebí Ẹnjiníà sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́: 'Màmá, ewé ni kẹ́ ẹ tọ́jú, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wa.' Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára. Mo ní ó dáa, n ò rí nǹkan kan mọ́."

Mo wò ó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni dídákẹ́ yẹn ná an, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó ọkọ̀ àwa méjèèjì dé ibẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀fà. Gbọ̀ngàn náà gùn, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, òórùn ike tó yọ́ kún ibẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ń já bọ́ sínú àpótí. Mo fi aago ọwọ́ mi ṣọ́ wọn. Ẹ̀rọ kìn-ín-ní ń bí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ìṣẹ́jú àáyá ogójì. Ẹ̀kẹrin ń lo ọgọ́ta. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró: ọgbọ̀n bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pàdánù ní wákàtí kan. Mo tọ́jú iye yẹn sápò fún ìgbà tí mo máa nílò rẹ̀.

Ẹnjiníà wá bá wa, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti rí owó rédíétọ̀ náà?"

"Ẹni tí a wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bi wá léèrè owó," ni ìyàwó wa wí.

Mo yára bọ́ sí àárín wọn. "Ẹnjiníà, àgbà kì í wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà..."

Ìyàwó wa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ mí dáadáa, pẹ̀lú gìgísẹ̀.

Ó ṣí báàgì, ó mú òòyà onírù rẹ̀ jáde, ó so òwú dúdú tí wọ́n fi ń dirun mọ́ ìrù rẹ̀, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó lọ síwájú rédíétọ̀ ẹ̀rọ kìn-ín-ní, ó na òòyà náà. Òwú fò lọ bá àwọn ewé, ó lẹ̀ mọ́ wọn bí ẹni pé ẹnì kan fà á láti inú. Ó lọ sí ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà. Òṣìṣẹ́ méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ó dé ẹ̀kẹrin, ó na òòyà. Òwú náà yí padà, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bọ̀ lójú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan atẹ́gùn tó ń jáde. Ó gbóná, kò sì lágbára.

"Atẹ́gùn yìí, ibo ló ti ń bọ̀?" ó bi í. Ohùn rẹ̀ tutù.

Ẹnjiníà yí lọ sẹ́yìn, ó wo fáànù tó ń yí fìì. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá á rò pé kò sí ohun tó ṣe é, nítorí fáànù tó ń yí sẹ́yìn àti èyí tó ń yí síwájú, ọ̀kan náà ni lójú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ti ń fa atẹ́gùn gbígbóná, ó wá ń fi í fẹ́ ọ́ìlì tó fẹ́ tutù. Bí ẹni tó fẹ́ fi omi gbígbóná pa òǹgbẹ ni.

"Ta ló fọwọ́ kan wáyà fáànù yìí?" ni mo béèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà wo ilẹ̀. Èkejì wo Ẹnjiníà, ó sì yára wo ibòmíràn.

"Ẹ̀rọ tó ń yí fáànù ló jóná lóṣù tó kọjá," ni Ẹnjiníà wí nígbà tó yá. "Oníná wa wà ní ìsinmi. Tí mo bá pe ti ìta, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo ra òmíràn, mo ní kí n kúkú dè é fúnra mi. Wáyà mẹ́ta péré ni."

"Méjì nínú wọn sì ti gba àyè ara wọn," mo ní. Mo ta ẹ̀rọ àlòkù fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ ìyẹn: tí méjì bá pààrọ̀ àyè nínú mẹ́ta, yíyí rẹ̀ á di ẹ̀yìn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ fẹ́ ṣọ́ nìyí. Ọgbọ̀n bọ́kẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan, ẹ bá mi sọ ọ́ di oṣù kan."

"Bàbá Oníṣirò," ni ìyàwó wa wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ó ṣe é ná."

Ẹnjiníà pa ẹ̀rọ, ó ṣí àpótí wáyà, ó pààrọ̀ méjì, ó tún tan án. Ìyá Olóòyà na òòyà. Òwú fò lọ mọ́ ewé. Àpótí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo ni a fi ṣe àga, a jókòó ti géèjì tó ń fi bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó hàn. Méjìdínlọ́gọ́rin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó di mọ́kànléláàádọ́rin. Òṣìṣẹ́ kan gbé omi wá fún wa. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, abẹ́rẹ́ náà ti dúró lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó sì dúró síbẹ̀. Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú àáyá ogójì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan.

Ẹnjiníà wọ inú ọ́fíìsì, ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin jáde. Mo tún un kà. Ó pé.

"Ó ku ohun kan," ni ìyàwó wa wí. "Ẹ kọ ọ́ sí bébà fún mi pé rédíétọ̀ kọ́ ló bàjẹ́."

"Màmá, tí mo bá kọ ọ́, ọ̀gá á kà á." Ó ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó fa ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yọ. "Ẹ gba èyí. Ẹ jẹ́ kó parí síbí."

Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi ti ń yún mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láìṣe iṣẹ́ kankan! Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti dá owó náà padà kí n tó dá sí i.

"Ẹ fi ra ọ̀dà," ó ní. "Ọ̀dà pupa. Ẹ ya ọfà sára fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà tí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gbà, kẹ́lòmíràn má baà ṣe é mọ́. Bébà náà, mo fi jì yín. Ṣùgbọ́n ẹnu lẹ fi bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòó, ẹnu náà lẹ máa fi tún un ṣe. Ẹ pè wọ́n níṣojú mi."

Mo rò pé Ẹnjiníà kò ní ṣe é. Òógùn ti rin kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ó mú fóònù, ó pè wọ́n. Ó ní rédíétọ̀ dára, atẹ́gùn ló ń gba ẹ̀yìn. Ẹni tó wà lódì kejì béèrè nǹkan kan, a kò gbọ́ ọ. Ẹnjiníà wo ìyàwó wa, ó wo fáànù.

"Èmi ni mo dè é," ó ní. "Kì í ṣe òun."

Lọ́jọ́ kejì, oníṣòó gbé rédíétọ̀ méjì wá. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo dé ọ̀dọ̀ oníke láti ta páǹpù kan fún wọn, mo sì rí ọfà pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára fáànù. Ti ẹ̀kẹrin tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹnjiníà kí mi dáadáa, ó sì bá mi ná páǹpù náà títí èrè mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní tèmi, mo mú páálí mi jáde, mo tún ìṣirò ṣe. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mi ló gbà lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni ì bá gbé délé, oníṣòó ì bá sì ti lọ. Ogójì tó kù yẹn, èmi ni mo fẹ́ sọ nù fún un. Bí mo ṣe ń ṣírò owó fún gbogbo ayé láti ọgbọ̀n ọdún wá, ẹni tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹlòmíràn pàdánù owó, ó jẹ ẹ́ ní owó náà.

Mo sọ fún un. Ó ń ya rédíétọ̀ oníṣòó lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Bùọ̀dá."

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí náà. Ó wà níbẹ̀ títí di àsìkò yìí. N kò tíì san án, òun náà kò sì tíì béèrè.